Ẹ Má Fipá Mu Omi Lórí Kẹ̀kẹ́

"Tó o bá dúró de òùngbẹ, ó ti pẹ́ jù." "Rí i pé ìtọ̀ ẹ mọ́ gaara bí omi kànga." "Máa mu ún lọ, omi ò lọ́tàá." Kò sí ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún triathlon (eré ìje tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń sáré) tí wọn ò tíì sọ ọ̀kan nínú wọn fún, pàápàá láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkẹta sì lè gbẹ̀mí èèyàn.

Ironman odindi, ìyẹn triathlon ọlọ́nà jíjìn, jẹ́ kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, àti 42.2 lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń múra fún un á máa gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí 4 sí 6 lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an ni omi ti máa ń pọ̀ jù. Ike méjì wà lára férémù, kò ju kí èèyàn na ọwọ́ lọ. Ikùn kì í mì bíi ti ẹni tó ń sáré. Aago tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ á sì máa dún ní ìṣẹ́jú 15-15 pé àsìkò omi ti tó. Ẹni tí ife omi kan máa ń ni lára bó bá ń sáré lè mu lítà 2 láàárín wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́ kó má tiẹ̀ fura.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rèé. Sódíọ̀mù, ìyẹn èròjà tó wà nínú iyọ̀, gbọ́dọ̀ wà láàárín 135 sí 145 mmol (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye èròjà) nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Òógùn náà ní tiẹ̀ nínú, àmọ́ kò tó ti ẹ̀jẹ̀: 20 sí 80 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá làágùn tí kò mu nǹkan kan, ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á túbọ̀ níyọ̀. Bí iyọ̀ yẹn bá ti fi nǹkan bíi 2% lé, òùngbẹ á dé. Kò pẹ́ jù rárá. Àsìkò tó yẹ kó dé ló dé. Àmọ́ bí omi tó wọlé bá ju èyí tó jáde lọ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á já wá sílẹ̀, omi á sì wọ inú ẹran ara, á wú u. Ẹsẹ̀ lè wú, ọwọ́ lè wú, wọ́n ní àyè. Ọpọlọ ò láyè, egungun agbárí ló yí i ká.

Wọ́n á ní kíndìnrín á tọ èyí tó bá ṣẹ́ kù jáde. Lóòótọ́, bí èèyàn bá jókòó jẹ́jẹ́ sílé, kíndìnrín lè tọ omi tó súnmọ́ lítà kan jáde ní wákàtí kan. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan lórí kẹ̀kẹ́, ara á ti tú họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní vasopressin jáde, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó má jẹ́ kí omi jáde. Ẹni tó tún lo ibuprofen, oògùn ìrora, nítorí orúnkún kó tó jáde nílé ti fi kún ewu náà.

Ní eré marathon Boston, ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré 488 wò níbi tí eré parí sí. Sódíọ̀mù ìdá 13 nínú 100 wọn ti wá sílẹ̀ dé 135 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ti àwọn mẹ́ta wọ 120 lọ sísàlẹ̀, ìyẹn ibi tí gìrì ti lè mú èèyàn. Obìnrin ọmọ ọdún 28 kan kú nínú eré ọdún yẹn látàrí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ohun tó ṣe kókó níbẹ̀ kì í ṣe irú ohun tí wọ́n mu. Àwọn tó wúwo sí i lópin eré ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ, àwọn tó sì lò ju wákàtí 4 lọ, ni ọ̀rọ̀ náà bá jù. Ẹni tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ kì í làágùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní àsìkò púpọ̀ láti mu.

Ibo ni ìmọ̀ràn náà ti wá? Ní 1996, American College of Sports Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ní kí eléré ìdárayá máa mu tó òógùn tó ń jáde, tàbí ìwọ̀n tí ikùn bá lè gbà, ìyẹn 600 sí 1,200 ml ní wákàtí kan. Ní 2007 wọ́n yí i padà: 400 sí 800 ml, kí ẹni kékeré tó ń lọ jẹ́jẹ́ wà nísàlẹ̀, kí ẹni ńlá tó ń sáré nínú oòrùn wà lókè, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wúwo sí i lójú ọ̀nà. Ti àtijọ́ ló kù lẹ́nu àwọn èèyàn, torí òun ló ń ta ohun mímu. Haile Gebrselassie, sárésáré ará Etiópíà, gba ipò kìíní ní eré marathon Dubai lọ́dún 2009, ara rẹ̀ sì ti fi nǹkan bíi 10% fúyẹ́ kó tó parí. A ò ní kí ẹ ṣe bíi tiẹ̀ o. A kàn ní omi díẹ̀ tó dín kù lára kì í ṣe àjálù.

Ohun mímu àwọn eléré ìdárayá ńkọ́? Sódíọ̀mù tó wà nínú lítà kan ọ̀pọ̀ wọn ò ju nǹkan bíi 20 mmol lọ. Ti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 140. Bí ẹ bá mu ún jù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á já wá sílẹ̀ bákan náà. Oògùn iyọ̀ pẹ̀lú ò lè gba ẹni tó ń mu àmujù sílẹ̀. (Kò sì dájú pé ó ń dá pajápajá dúró: nígbà tí wọ́n yẹ àwọn tó kópa nínú Ironman ní Gúúsù Áfíríkà wò, sódíọ̀mù àwọn tí pajápajá mú ò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò mú. Eré àsápajúdé ló jọ pé ó fà á.)

Òṣùwọ̀n ilé ló lè yanjú ẹ̀. Ẹ tọ̀, ẹ bọ́ra sílẹ̀, ẹ gun un. Ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí 2 ní irú àsìkò àti eré tí ẹ máa lò lọ́jọ́ ọ̀nà jíjìn. Ẹ má jẹun, ẹ má tọ̀, ẹ sì wọn gbogbo ohun tí ẹ bá mu. Bí ẹ bá dé, ẹ nu òógùn kúrò, ẹ tún gun òṣùwọ̀n láìwọṣọ, torí aṣọ tó ti mu òógùn á ṣì yín lọ́nà. Ká ní ẹ jáde ní 72.0 kg, ẹ dé ní 70.8, ẹ sì mu lítà 1. Òógùn yín jẹ́ 1.2 pẹ̀lú 1.0, ìyẹn lítà 2.2 ní wákàtí 2, tàbí 1.1 ní wákàtí kan. Kì í ṣe iye tí ẹ máa lé bá nìyẹn o. Iye tí ẹ ò gbọ́dọ̀ mu kọjá ni. Ẹni yìí lè mu 600 sí 700 ml ní wákàtí kan bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́, kó sì fi kìlò 2 sí 2.5 fúyẹ́ lẹ́yìn wákàtí 5. Apá kan nínú èyí tó lọ kì í tiẹ̀ ṣe omi, oúnjẹ tí ara jó ni. Bí ẹ bá wúwo ju bí ẹ ṣe jáde lọ, ẹ ti mu jù. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀: kí gbogbo ṣúgà ọjọ́ náà wà nínú ike. Ebi á ń pa ẹni náà, omi ló máa ń mu sí i. Ẹ ya oúnjẹ kúrò lára omi. Nínú lítà omi kan, ẹ da ṣúgà gíráàmù 60 (ṣíbí ìmutíì 15 tí kò lórí), iyọ̀ gíráàmù 1.5 (ìdá mẹ́rin ṣíbí ìmutíì), kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ẹ bá mu 600 ml rẹ̀ ní wákàtí kan, ṣúgà gíráàmù 36 lẹ rí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó mọ níwọ̀n á fi nǹkan bíi 25 kún un. Omi lásán ni kó wà nínú ike kejì. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra píọ̀ wọ́tà lójú ọ̀nà, 50 cl ni ọ̀rá kan: ẹ mu ìwọ̀n tí òùngbẹ bá fẹ́, kí ẹ da ìyókù sórí àti sọ́rùn. Ní Èkó, níbi tí ọ̀rinrin ti kún afẹ́fẹ́, ìyẹn gan-an ló wúlò jù. Òógùn tó ń kán sílẹ̀ kì í tu ara, èyí tó gbẹ lára ló ń tù ú. Bí ooru bá mú, eré ni kí ẹ dín kù. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì ni: òógùn á gbẹ kí ẹ tó rí i, òṣùwọ̀n nìkan ló máa sọ òótọ́.

Ẹ mọ àmì àmujù omi. Omi á máa ró nínú ikùn, òrùka á fún mọ́ka, orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ ò gbẹ ẹni náà. Tó bá yá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú, kẹ̀kẹ́ á máa wọ́ sọ́tùn-ún sósì. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á ní omi ló gbẹ lára ẹ̀, wọ́n á tún fún un lómíì. Ẹ gba ike náà lọ́wọ́ wọn. Bí iyè rẹ̀ bá ṣì pé tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ run Maggi 3 tàbí 4 sínú omi 125 ml, kó mu ún, kó má sì fẹnu kan omi mìíràn títí á fi tọ̀ dáadáa. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ kátikàti tàbí gìrì mú un, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ sọ fún dókítà iye lítà tó mu àti iye wákàtí tó lò lórí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì yẹ sódíọ̀mù rẹ̀ wò kí wọ́n tó fa omi sí i lára, torí omi ìfàsára tí wọ́n sábà máa ń lò lè dá kún un. Omi iyọ̀ 3% ni wọ́n ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, 100 ml lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i ní ìṣẹ́jú 10 síra.