MP4 kọ́ ló ń jẹ́ kí fídíò ṣí

Ẹ̀yin ará wa tó ń ya fídíò ìnáwó n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé "fídíò tó bá ti jẹ́ MP4, kò sí fóònù tí kò ní ṣí i" kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni, àmọ́ ó da nǹkan méjì pọ̀.

Ewé ni MP4. Ewé kan náà la fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ohun tó wà nínú ewé ni fídíò fúnra rẹ̀; ọ̀nà tí wọ́n gbà fún un pọ̀ kó lè kéré la ń pè ní codec. Codec kan tó ń jẹ́ H.264, tó ti wà láti 2003, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fóònù tí kò mọ̀ ọ́n. H.265, tó dé ní 2013, ń jẹ́ kí fáìlì kéré sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́ kò lè tú u. Àwọn méjèèjì ló lè jẹ́ .mp4! Ohun tó ṣe oníbàárà mi kan ní Mọ́kọ́lá nìyẹn: ó ń gbọ́ ìlù, ojú fóònù dúdú kirikiri.

Ẹ fi VLC, ìyẹn ètò kan tí wọ́n fi ń wo fídíò, yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà: ẹ tẹ Tools, kẹ́ ẹ tẹ Codec Information. Bẹ́ ẹ bá rí HEVC, H.265 ni. Ẹ tún un ṣe sí H.264, kẹ́ ẹ fi ohùn rẹ̀ sí AAC, tó jẹ́ codec ohùn. Pé ẹ kàn yí orúkọ fáìlì padà, orúkọ lásán lẹ pààrọ̀; ewé ò yí padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ò yí padà.