Ohun tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni fọ́tò yín

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló máa ń fọwọ́ sọ̀yà fún oníbàárà nínú sítúdíò pé, "Ẹ wo ojú tẹlifíṣọ̀n yẹn, bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn náà ló máa jáde." Àwọn oníbàárà ti gbà á gbọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà sì ti kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo fẹ́ràn kí a so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí mọ́nítọ̀, ó sì wù mí kí gbogbo ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó máa ṣe é. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi ń dùn mí pé ohun tí kò lè sọ fún wa là ń bi í.

Waya HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán láti kámẹ́rà lọ sójú tẹlifíṣọ̀n, ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Kámẹ́rà onímegapixel 24 (ìyẹn mílíọ̀nù 24 pixel, àwọn àmì kíkéré tó para pọ̀ di àwòrán) ń ya fọ́tò tó fẹ̀ tó pixel 6000, tó ga tó 4000. Tẹlifíṣọ̀n Full HD kò ju pixel 1920 ní fífẹ̀ àti 1080 ní gíga lọ. Fọ́tò náà ò tiẹ̀ kún un: ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣókùnkùn, torí pixel 1620 péré ni fọ́tò ń gbà ní fífẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nínú pixel mẹ́rìnlá tí kámẹ́rà yà, bí ẹyọ kan ló dé ojú yín. Tí ẹ bá wá yàwòrán ní òòró, bí a ṣe ń ya ìyàwó tó dúró, ó di ẹyọ kan nínú bí ọgbọ̀n. Níbi tí nǹkan ti kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sí fọ́tò tí kò ní mọ́ gaara. Fókọ́ọ̀sì lè ti bọ́ sórí yẹtí kó fi ẹyinjú sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní fọ́tò ńlá fún ara ògiri ni àṣírí máa tú. Bọ́tìnnì tó ń fa àwòrán súnmọ́ wà lára kámẹ́rà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí ìpéǹpéjú fi gba ojú tẹlifíṣọ̀n, ìgbà yẹn lẹ tó mọ òótọ́.

Ti ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ètò àwòrán rẹ̀ sí Vivid tàbí Dynamic ń fi kún àwọ̀, ó sì ń pọ́n etí nǹkan kó lè dùn ún wò. Aṣọ ẹbí aláwọ̀ wáìnì á di pupa fòò níbẹ̀. Ìta gbangba tún yàtọ̀: lọ́sàn-án gangan, gbogbo nǹkan ló ń ṣókùnkùn lójú mọ́nítọ̀, ayàwòrán á wá máa fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Léèsì funfun ìyàwó ló ń jìyà rẹ̀. Àwọn ihò wẹẹrẹ àti òdòdó tí wọ́n ran sí i á pòórá, á ku funfun báláú lásán, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà lórí kọ̀ǹpútà. Histogram ni kí ẹ wò, ìyẹn àwòrán ìṣirò lójú kámẹ́rà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pọ̀ tó hàn, òkùnkùn lápá òsì, ìmọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún. Bó bá ti rọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pátápátá, ibìkan ti jóná. Lára JPEG (fọ́tò tí kámẹ́rà ti ṣe parí) ni kámẹ́rà ti ń ṣírò histogram náà, kódà bó bá jẹ́ RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì ṣe parí) lẹ ń yà, nítorí náà ó máa ń tètè pariwo díẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ò lè tàn án jẹ bó ṣe ń tan ojú wa jẹ.

Àwọn kan tún ń rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́ tí mọ́nítọ̀ bá dúdú kirikiri kí wọ́n tó tẹ ṣọ́tà nínú sítúdíò. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Kámẹ́rà ń fi hàn yín bí fọ́tò ṣe máa rí láìsí fìláàṣì, torí fìláàṣì ò tíì tàn. Lórí Canon, ẹ pa Exposure Simulation. Lórí Sony, ẹ fi Setting Effect sí OFF.

Waya USB tó lọ sínú Capture One tàbí Lightroom Classic, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò, sàn ju HDMI lọ, torí fáìlì gan-an ló ń gbé wọ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ẹ ṣètò àwọ̀ kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé ojú rẹ̀ láti wọn àwọ̀. Ti Wi-Fi, ẹ ṣọ́ra: SnapBridge, áàpù Nikon lórí fóònù, bí àpẹẹrẹ, lè máa fi ẹ̀dà onímegapixel 2 ránṣẹ́ sí fóònù. Ẹ̀dà yẹn tó Instagram, kò tó ìdájọ́.

Ohun tí tẹlifíṣọ̀n mọ̀ dáadáa ni gèlè tó wọ́, agbádá tó ká sábẹ́ apá, àti ẹni tó ń jẹun lẹ́yìn ọkọ ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fi tẹlifíṣọ̀n wo ìwọ̀nyẹn. Tó bá ní kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò torí ó dúdú lójú tẹlifíṣọ̀n, tí histogram sì dára, ẹ mú rimọ́ọ̀tù, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n sókè sí i.