Ẹ má yọ Àró kúrò nínú ìtàn èbúté
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akọ̀ròyìn. Ìtàn èbúté Èkó tí ẹ kọ dùn-ún kà, àmọ́ ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé inú òkun nìkan ni ọrọ̀ ti ń wá. Epo pupa àti òwú tí àwọn òyìnbó ń rà l'Ékòó láàárín ọdún 1850 sí 1870, ibo ló ti wá? Púpọ̀ nínú rẹ̀, Àró, èbúté etí odò níhìn-ín l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń kó o sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tí odò Ògùn á gbé e dé ọ̀sà. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ni wọ́n ń kó bọ̀. Bí Ẹ̀gbá bá ti ọ̀nà pa, àwọn oníṣòwò Èkó á figbe ta. Wọ́n sì tì í pa lóòótọ́ nígbà tí Glover, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣèjọba l'Ékòó! Rélùwéè tó gba ìlú wa kọjá dé Ìbàdàn lọ́dún 1901 ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn atukọ̀. Lónìí, ilé ìwòsàn ọpọlọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀ mọ́ orúkọ Àró. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ apá kejì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti etí odò Ògùn.