Ojú ló ń gba ọmọ, kì í ṣe àyè

Lánàá, ìyá kan pè mí lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi tèmi kún un. Ọmọ kan ṣoṣo, kí ló máa bà jẹ́?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, wọ́n ti pé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní bóyá torí owó ni, pé òun lè fi nǹkan lé e. Ọ̀rọ̀ owó kọ́. Ọmọ mẹ́jọ ni mo máa ń gbà sílé nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje, èmi àti àbúrò ọkọ mi obìnrin la jọ ń mójú tó wọn. Mẹ́jọ yẹn kò ní í di mẹ́sàn-án. Ó jọ agídí lójú àwọn kan, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ tinú mi lónìí.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ mọ́kàndínlógún ni mo gbà. Ilé wa níbí, ní Ìbàdàn, ní àgbàlá tó fẹ̀, igi máńgòrò kan sì ṣíji bo apá kan rẹ̀. Mo wo àgbàlá yẹn, mo ní àyè ṣáà wà, kí ni mo tún ń wá? Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ kan ṣu sára, mo gbé e lọ sí balùwẹ̀ lọ fọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ nígbà yẹn wà nílé ìdáná, ó ń bu ìrẹsì sáwo. Nígbà tí mo gbé ọmọ jáde, mo ka orí wọn. Méjìdínlógún, pẹ̀lú èyí tó wà lápá mi. Mo tún un kà. Méjìdínlógún. Géètì ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí ara ọmọ ọdún márùn-ún lè yọ́ gbà.

Mi ò rántí bí mo ṣe dé ìkòríta. Mo kàn mọ̀ pé kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Iwájú ìyá alágbàdo ni mo ti bá a, ó lóṣòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó tẹjú mọ́ àgbàdo tó ń ta lórí ẹyin iná. Ọ̀kadà ń sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́, ó ń sọ̀rọ̀." Àgbàdo tó ń ta yẹn ló ń sọ. Mo fẹ́ pọ̀n ọ́n, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìyá alágbàdo ló bá mi gbé e sẹ́yìn. Nírọ̀lẹ́, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, mi ò fi kankan pa mọ́. Ó foríjì mí. Ó pẹ́ kí èmi tó foríji ara mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ojú ló ń gba ọmọ, kì í ṣe àyè. Bí àgbà bá jẹ́ méjì tí ọmọ jẹ́ mẹ́jọ, tí ọ̀kan nínú wa bá mú ọmọ lọ sí balùwẹ̀, ẹnì kejì á ṣì mọ ibi tí méje yòókù wà láìjẹ́ pé ó ń ka orí. Bí wọ́n bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí la ó máa kà.

Àwọn nǹkan yòókù, ẹni tó bá ti tọ́mọ mọ̀ ọ́n. Kànga wa ní ìdérí irin àti ágádágodo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. A kì í tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí wọ́n bá wà nílé. Kẹrosíìnì àti oògùn eku ti kúrò nílẹ̀. Kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí ni mo ti ń béèrè: ṣé ẹ̀pà ń bá a lára mu? Ṣé ó ní ikọ́ fée? Ṣé ọmọ tí òtútù kò gbọ́dọ̀ mú nítorí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni? Àwọn wo ló máa wá mú un? Ẹni méjì ni wọ́n máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá dé tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, màá fún un lága, màá fún un lómi, àmọ́ ọmọ ò ní í bá a lọ àfi bí mo bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Wọ́n ti bú mi rí lórí èyí. Kò dùn mí.

Ohun tó ń dùn mí ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ bi mí: "Ìwé wo ni wọ́n máa parí?" Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́. Oṣù Keje ni ilé ìwé ń parí, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé padà. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ti ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù látọdún tó kọjá, tí ẹ ń fi oorun lójú wọ̀ láṣọ, ẹ tún fẹ́ kó wá da ABC kọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún nígbà ìsinmi, wà lóríṣiríṣi nílùú, mi ò bá wọn jà. Ilé tèmi kì í ṣe lẹ́sìn.

Àmọ́ ẹ má rò pé a kì í kọ́ nǹkan. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ní ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ọmọ tó bá ń to ọmọ ayò náà láràárọ̀, tó ń dá a padà sí mẹ́rin-mẹ́rin, tó ń wá èyí tó já bọ́ sábẹ́ àga títí tí yóò fi rí i, ìṣirò ló ń ṣe, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Lọ́dún tó kọjá, a gbin ewédú. Kóró ewédú le lára, bí èèyàn bá gbìn ín lásán, ó lè má tètè hù. Àwọn àgbẹ̀ máa ń da omi gbígbóná sí i fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín. Èmi nìkan ni mo fọwọ́ kan omi náà, wọ́n dúró lẹ́yìn ìlà tí mo fi ẹfun fà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Màmá, ṣé kò dùn ún?" Ó ṣòro fún mi láti dáhùn, torí mi ò ronú rẹ̀ rí. A gbin èyí tí a da omi sí sápá kan, a gbin èyí tí a kò da omi sí sápá kejì. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í fọwọ́ kan erùpẹ̀, fóònù ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Lọ́jọ́ tí apá kan hù wúyẹ́wúyẹ́ bí okùn tín-ín-rín, tí apá kejì ṣì pa lọ́lọ́, òun ló kúnlẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ewé náà. Kò sọ nǹkan kan. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ojú ọgbẹ́. Ìka rẹ̀ dúdú fún erùpẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi dé, kò jẹ́ kí n fọ̀ ọ́.

Ká ní wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, mi ò ní í rí i.

Àwọn òbí kan tún máa ń rọ̀ mí kí n má sọ Yorùbá sí ọmọ wọn, kó má baà ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn nípa iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí ẹ̀kọ́ kan. Wọn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kò tiẹ̀ nílò kí n lọ jìnnà. Ọmọ tó ń dáhùn "yes ma" àti "no ma" lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, òun gan-an ló ń fi ohùn Ìjàpá pàlọ́ fún wa.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ nílé, kó mọ̀ pé owó ibẹ̀ kì í kọ́lé. Oúnjẹ, ọṣẹ, ẹni tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ gba tiwọn. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Aago mẹ́sàn-án sí aago méjì ti tó. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn díẹ̀ lórí ẹní. Inú oṣù Kẹjọ, òjò máa ń sinmi díẹ̀, oòrùn kì í le, àgbàdo àti àsálà wà nígboro. Ọmọ kò nílò ju bẹ́ẹ̀.

Ìyá tó pè mí lánàá, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí mi. Mo ti kọ orúkọ ọmọ yín sókè ìwé tọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ Ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń pàlọ́ lábẹ́ igi máńgòrò, láti aago kan, àwọn òbí sì máa ń jókòó tì wá. Ẹ mú un wá, kí ẹ̀yin náà jókòó. Ojú yín á wà lára tiyín.