Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni ibà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin oníròyìn. Àlàyé yín lórí lọ́rùnlọ́rùn, àìsàn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú, yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kọ̀wé sí yín pé àìsàn ará Òkè Ọya ni; èmi ò gbà. Lóòótọ́, Zamfara wà lára ibi tó ti jà jù lọ́dún 2017. Ṣé kòkòrò ń béèrè ìlú ẹni ni? Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń ti Òkè Ọya wọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti kẹ́míìsì. Ara ọmọ gbóná, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì, kíá wọ́n á ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n á po oògùn lóríṣiríṣi fún un. Ẹ ní kó fi àgbọ̀n kan àyà ná! Bí ọrùn bá le, tí ìmọ́lẹ̀ ń ro ó lójú, ẹ gbéra, ó di ilé ìwòsàn. Ti ìkókó tún yàtọ̀: ọrùn rẹ̀ lè má le rárá, àwùjẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò bóyá ó wú.

Ìyá kan ládùúgbò wa ní Tákíè kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ òun fún àyẹ̀wò, kó má baà yarọ. Bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ibi tí okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ni wọ́n ń gún. Omi yẹn ló ń fi irú kòkòrò náà hàn dókítà, oògùn kẹ́míìsì tí wọ́n ti lò ṣáájú sì lè bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́dún 2024, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo Men5CV, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà lọ́rùnlọ́rùn, lágbàáyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wádìí bóyá ó ti dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.