Àtúnṣe Lórí Ẹ̀fọ́ Yánrin

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ pé dandelion, ewéko kan ti ilẹ̀ Yúróòpù, gan-an ni yánrin tí a ń rà lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́, àti pé òyìnbó ni ó gbé e wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́, ẹbí ewéko kan náà tí wọ́n ń pè ní Asteraceae ni àwọn méjèèjì, oje funfun sì ń sun lára wọn bí a bá já ewé wọn. Ṣùgbọ́n, ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, Taraxacum officinale ni ti Yúróòpù, Launaea taraxacifolia sì ni yánrin, èyí tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Ibi òdòdó ni ìyàtọ̀ ti hàn jù: ti Yúróòpù máa ń yọ ọ̀pá tí inú rẹ̀ ṣófo, tí kò léwé, tí òdòdó kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, nígbà tí ọ̀pá yánrin máa ń ga, tí ó ń yẹ̀ka, tí ó sì ń gbé òdòdó púpọ̀. Yánrin ń hù fúnra rẹ̀ nínú oko tí a ti fi sílẹ̀ àti lẹ́bàá ọ̀nà ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka ìlò gbòǹgbò dandelion níbikíbi kò gbọdọ̀ gbé e lé yánrin lórí.