Ta ló ní ìrẹsì bíbù ò ní ìmọ̀ nínú?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn òbí l'Ákúrẹ́: "Ṣé torí kó o lè máa bu ìrẹsì fún èèyàn la ṣe rán ẹ lọ sí FUTA?" Ọmọ tó jáde ní yunifásítì yìí tí wọ́n bá sọ ọ́ fún á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tọrọ àforíjì pé òun ríṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ò sí nílùú, fáìlì ìwé ẹ̀rí ti ń gbó lábíyá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń gba iwájú eatery tó lẹ "a ń wá òṣìṣẹ́" mọ́ ilẹ̀kùn kọjá bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n á ní kò sóhun téèyàn ń kọ́ níbẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ti àkọ́kọ́ yẹn, irọ́ ni. Ti owó jóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

Ìdí fráyà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń din nǹkan, ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Adìẹ tí wọ́n fi fúláwà àti èròjà bò ń fẹ́ òróró tó gbóná tó 165°C sí 175°C. Itan àti ẹsẹ̀ á lò tó ìṣẹ́jú 12 sí 15, ṣùgbọ́n aago nìkan kọ́ ló ń sọ pé ó ti jinná. Wọ́n á ki tẹmọ́mítà bọ ibi tó nípọn jù, kó má kan egungun, ó sì gbọ́dọ̀ ka 74°C. Bí òróró bá tutù ju 150°C lọ, adìẹ á kàn máa mu ún bíi kànìnkànìn. Bó bá kọjá 190°C, ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n dáadáa, á wu ojú, inú rẹ̀ á ṣì tutù, ẹ̀jẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Oníbàárà tó bá gé irú ẹ̀ já ò ní bínú jù, kò kàn ní padà wá mọ́ ni.

Àṣìṣe ẹni tuntun ni pé tó bá ti rí èrò níwájú, á kó adìẹ kún agbọ̀n dé etí. Adìẹ tútù tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń fa ìgbóná òróró wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Ìdajì agbọ̀n ti tó. Èyí tó tún burú ni adìẹ tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀: omi yẹn á di ooru lójijì, òróró á ru, á kún dà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé adìẹ ọ̀la kúrò nínú fírísà lónìí, tí wọ́n ń gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì ní nǹkan bíi 4°C, kì í ṣe orí tábìlì, kì í ṣe inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé. Ẹ má wọ́n iyọ̀ lókè fráyà láéláé. Iyọ̀, omi àti èérún fúláwà tó ń jóná nísàlẹ̀ ló ń yára ba òróró jẹ́. Ẹ máa kó èérún yẹn kúrò lẹ́yìn gbogbo dídín, kí ẹ sì sẹ́ òróró lálẹ́ nígbà tó bá ti tutù. Òróró tó ti kú kì í fara pamọ́: ó dúdú, ó ń yọ èéfín níbi tí kì í ti í yọ tẹ́lẹ̀, fóòmù rẹ̀ kì í rọlẹ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ọ̀gá tó bá ní kí ẹ ṣì fi din chips títí di ọjọ́ Sátidé ń fi oníbàárà ṣòfò nítorí gálọ́ọ̀nù òróró kan.

Bí òróró gbígbóná bá ta síni lára ńkọ́? Ẹ tú aago àti òrùka, kí ẹ na ibẹ̀ sábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ẹ má fi ẹyin tàbí epo pupa sí i. Ṣe ni wọ́n ń há ooru mọ́ inú. Òfin kan ti wà láti ọdún 2010, Employee's Compensation Act, tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sápò ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF nítorí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè gidi ni ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbà yín: "Ṣé ilé iṣẹ́ yìí ń san ti NSITF?"

Ìrẹsì tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an wá ńkọ́? Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus máa ń gbé nínú ìrẹsì, hóró tí kòkòrò yìí fi ń pa ara rẹ̀ mọ́ kì í kú nígbà tí wọ́n bá se ìrẹsì náà. Bí ìrẹsì bá jókòó ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí mélòó kan, hóró yẹn á jí, á pọ̀, á sì tu májèlé tí gbígbé kaná lẹ́ẹ̀kejì kò lè pa. Nítorí náà, ohun èlò tí wọ́n ń gbé jollof sí gbọ́dọ̀ máa wà lókè 60°C, kí iná rẹ̀ ti gbóná kí wọ́n tó da ìrẹsì sí i. Òun kì í ṣe ohun tí ń mú oúnjẹ tútù gbóná.

Bíbù náà ní ìṣirò. Ká ní ìrẹsì sísè 20kg ló wà níwájú yín, tí àwo kan jẹ́ gíráàmù 300. Àwo 66 ló yẹ kó jáde. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, tó ń bu gíráàmù 350 torí pé oníbàárà ń rẹ́rìn-ín sí i, àwo 57 ló máa rí. Mẹ́sàn-án ti lọ, kò sẹ́ni tó jalè, gbogbo wọn á sì máa wo ara wọn lójú lálẹ́. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì l'Ọ́jà Ọba mọ èyí látìgbà tó ti ń fi agolo wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ní òun ò lè bu ìrẹsì ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn káńtà tún wà lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni owó oṣù ti ń bọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé gba owó ṣéńjì òwúrọ̀, ẹ kà á lójú ẹni tó gbé e fún yín. Nọ́ńbà tí ẹ fi ń wọlé sórí ẹ̀rọ ìtajà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, kódà ọ̀rẹ́ tó ní òun fẹ́ bá yín ta mítpáì kan péré nígbà tí ẹ lọ tọ̀. Orúkọ yín ni ẹ̀rọ máa kọ. Bí oníbàárà bá na fóònù sí yín pé òun ti fi owó ránṣẹ́, ẹ má wo fóònù rẹ̀. Alẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀. Owó gbọ́dọ̀ hàn lójú POS tàbí nínú àkáǹtì ilé oúnjẹ kí àwo tó kúrò lórí káńtà. Bí ẹ bá tẹ ohun tí wọn ò rà, ẹ pe ọ̀gá kó pa á rẹ́, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Lálẹ́, ẹ ka ₦1,000 lọ́tọ̀, ₦500 lọ́tọ̀, ₦200 lọ́tọ̀, ẹ yọ owó ṣéńjì òwúrọ̀ kúrò, ẹ fi ti POS àti ti báǹkì kún un. Ohun tó bá dín sí iye tí ẹ̀rọ sọ ni wọ́n ń pè ní ṣọ́tẹ́ẹ̀jì.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé ọ̀gá lè gé ṣọ́tẹ́ẹ̀jì bó ṣe wù ú. Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ò sọ bẹ́ẹ̀. Àdánù tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tó wá látinú àìbìkítà rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gé e. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gé lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ: lórí ₦70,000, kò gbọdọ̀ ju ₦23,333 lọ. Ká sòótọ́, ibi tí wọn kì í tẹ̀ lé e pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì ń kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lálaalẹ́, kì í ṣe òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé.

Ó wá kan owó. ₦70,000 ni òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù keje ọdún 2024 pè ní owó oṣù tó kéré jù. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó fọwọ́ sí ₦73,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àwọn kan sì rò pé ó kan gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà láti Alágbàká dé Ọ̀nà Ọba Adésídà. Kò kàn wọ́n. Ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá tó 25, ₦70,000 yẹn gan-an ò dè é.

Àwọn tó ń sọ pé "kékeré sàn ju òfo lọ" náà ò tíì ṣírò tán. Ká ní ẹ ń gbé Ọbà-Ilé, tí kẹ̀kẹ́ àlọ ń gba ₦600, tí àbọ̀ ń gba ₦600, ọjọ́ 26 lóṣù: ₦31,200 nìyẹn. Nínú ₦70,000, ₦38,800 ló wọlé. Ibi tó ń san ₦55,000 tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé sàn jù ú lọ fíìfíì. Wákàtí náà ńkọ́? ₦70,000 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ jẹ́ ₦336 ní wákàtí kan. Bó bá di wákàtí 12, ₦224 ni. Ẹ bi wọ́n léèrè aago tí àwọn ti alẹ́ ń kúrò, torí lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ẹni tí kò bá rí kẹ̀kẹ́ á san owó drop. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún yín lẹ́nu iṣẹ́ owó ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye tí wọ́n ń tà á kà á. Iye tí ẹ bá fi jẹun nílé ni kí ẹ kà.

Ibì kan tiẹ̀ wà tí mo gbà pẹ̀lú àwọn òbí yẹn: ẹni tó fi ọdún kan gbáko fọ abọ́ nìkan ò kọ́ ju abọ́ fífọ̀ lọ. Tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sí fráyà, lẹ́yìn náà káńtà, lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù sí sítọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa wá ibòmíì. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀sán kí òwúrọ̀ lè ṣófo fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbòmíì. Nínú CV, ẹ má kọ pé "mo ṣiṣẹ́ ní eatery" kí ẹ dákẹ́. Ẹ kọ iye owó tí ẹ ń kà lójúmọ́, iye oṣù tí ṣọ́tẹ́ẹ̀jì ò fi wọlé, iye ẹni tuntun tí ẹ kọ́. Agbanisíṣẹ́ tó ń béèrè ohun tí ẹ ti ń ṣe látìgbà tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí, nọ́ńbà ló fẹ́ gbọ́.

Kí ẹ tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ wò, kí ẹ sì mú onídùúró wá. Àyẹ̀wò yẹn, agbanisíṣẹ́ ni Labour Act ní kó sanwó rẹ̀. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Bí iṣẹ́ ojúmọ́ bá tó wákàtí mẹ́fà, ìsinmi tó tó wákàtí kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ kan nínú méje sì jẹ́ tiyín. Tó bá ti tó oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì tó ọdún méjì tí ẹ ti wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ máa fún wọn kí ẹ tó lọ, kì í ṣe oṣù kan tí àwọn ọ̀gá kan máa ń fi dẹ́rù bani. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí orúkọ yín tó wọlé, kò níṣẹ́ kankan láti fún yín.